Ìkànnì Tó Ń Gbọ́ Ìdúnàádúrà

Ọjọ́ tí iṣẹ́ ìkànnì kó sí mi lórí, mo rò pé mo ti ba báńkì kan jẹ́ ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Odode, mo ń wo ìkànnì báńkì náà lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ ojú ewé náà sì tú síta, ìlà lórí ìlà. Mo pa àkọlé òkè rẹ̀ rẹ́, mo kọ "Ẹ kú ilé" dípò rẹ̀. Ó yí padà lójú ẹsẹ̀. Mo yọ wáyà kọ̀ǹpútà, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé lọ dúró de ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá ò wá. Ìgbà tó yá ni mo kà á pé orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ni àyípadà náà wà. Ó dùn mí díẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ ara mi.

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mi. Ó ní ilé àlejò oníyàrá mẹ́fà nísàlẹ̀ òkè ńlá ìlú wa, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ ọ. Àwọn tó ń wá gun òkè ló yẹ kó máa sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà ń gbé wọn lọ síbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: bí yàrá bá ṣì ṣófo nígbà ìkórè, òun máa kó kòkó òun sínú wọn. Ó tilẹ̀ ti wá wọn ẹnu ọ̀nà wò, bóyá àpò kòkó á gba ibẹ̀ kọjá.

Mo fètò sí iṣẹ́ náà. Ojú ewé mẹ́ta péré: ilé, yàrá, ọ̀nà. Àwòrán tí mo yà wúwo ju ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ òkè lè gbé. Mo dín in kù títí ó fi ku ìdá kan nínú ogún, síbẹ̀ èèyàn ṣì ń rí òdòdó ara kọ́tìnì.

Ó ku iye owó. Àǹtí mi pe ìlọ́po méjì ohun tó ń gbà.

"Àǹtí, ṣé iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà nìyẹn?"

"Iye tí mò ń pè nìyẹn. Kí wọ́n ná an."

"Wọn ò lè ná an lórí wẹ́bùsáìtì, mà."

"Kí ló ṣe ẹnu wọn?"

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Àwọn èèyàn ń wọlé sórí ìkànnì náà, mo ń rí iye wọn. Wọ́n á wo ilé, wọ́n á wo yàrá, wọ́n á dé ibi owó, wọ́n á jáde. Kò sẹ́ni tó pè. Mo fi han àǹtí mi.

"Wọn ò tiẹ̀ ná an? Wọ́n kàn yí ẹ̀yìn dà?"

"Wọ́n kàn yí ẹ̀yìn dà ni, mà."

"Wọn ò kọ́ wọn nílé."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ iye gidi. Ó ní bí òun bá ti ìbẹ̀rẹ̀ pe iye gidi, ibo làlejò fẹ́ ná an dé? Mo bá ṣe àpótí kan sórí ìkànnì, kí àlejò máa kọ iye tó fẹ́ san sínú rẹ̀. Mo jókòó ti àǹtí mi ní pálọ̀, mo ń pe iye, ó ń fèsì, mo sì ń kọ èsì rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí iye bá kéré jù, ìkànnì á ní, "Ṣé orí ilẹ̀ lẹ fẹ́ sùn ni?" Bó bá ń sún mọ́ ọn: "Ẹ fi nǹkan lé e, ẹ jọ̀ọ́." Bó bá tó: "Ó ti tó. Ẹ máa bọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ẹni tó bá san gbogbo ẹ̀ láìná an ńkọ́, mà?"

Ó ronú sí i. "Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀."

Mo kọ ìyẹn náà sí i.

Ìkórè ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ ẹrù wá, ó kan ilẹ̀kùn kìn-ín-ní. Ọkùnrin kan tó ró tówẹ̀lì ló ṣí i. Ó kan èkejì, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, àwọn ń sùn. Kò kan ẹ̀kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló bá ìkànnì náà dúnàádúrà. Mọ́kànlá ná an dójú owó. Yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún.