Òjò Tí Kì Í Rọ̀ Ní Sátidé

Obìnrin tí gbogbo ọgbà ìwádìí náà ń pè ní Ìyá Olójò ti wọn òjò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí lẹ́tà kan tó dé orí tábìlì rẹ̀, tó ń béèrè ìdí tí òjò kì í fi rọ̀ ní Sátidé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ka lẹ́tà náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀: ó fọwọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́ tó fi okùn so mọ́ ọrùn lábẹ́ ẹ̀wù, kó lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà ní igun yàrá rẹ̀ ló ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, ọdún kan, ìwé kan, tí ẹ̀yìn wọn le, tí wọ́n fi aṣọ búlúù bò wọ́n. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, Ìyá Olójò á gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì lọ sórí pápá kékeré kan tí wọ́n fi wáyà yí ká. Á ṣí agolo òjò, á da omi inú rẹ̀ sínú ìgò òṣùwọ̀n, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi bá ojú omi dọ́gba, nítorí ẹni tó bá dúró sókè wò ó yóò kà á sódì. Á pe nọ́ńbà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́. Pẹ́ńsùlù ló máa ń lò, torí báírò a máa ṣàn bí omi bá kán sí i. "Mo ti rí ọ," á sọ fún omi náà, á sì dà á sídìí òdòdó.

Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lórí àwọn ìwé wọ̀nyẹn, ó sì ní ìdí. Ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, olùkọ́ àgbà kan wá láti yunifásítì, ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ kì í wọlé, tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Elérìn-ín. Ó kí Ìyá Olójò kíkí tó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó mú páálí bisikíìtì kan sílẹ̀, ó sì yá ìwé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ṣe fótókọ́pì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ìwé náà lò níta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀yìn mẹ́rin nínú wọn ti ya. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ńlá kan wọ ilé ìkàwé ọgbà náà, tí orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Elérìn-ín hàn gàdàgbà lára rẹ̀. "Òjò tí mo kó jọ" ló pè é ní ojú ewé àkọ́kọ́. Ìyá Olójò wá orúkọ tirẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìwé, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá tó ń sùn síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé. Ẹni tó wọn òjò kò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àgádágodo dé ara kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́tà tuntun yìí wá láti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìpamọ́ Àpapọ̀. Àwọn yunifásítì àti àwọn ọgbà ìwádìí ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, kí ohun tí oníkálukú bá wọ̀n tàbí kà má bàa kú sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni ilé náà wà. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, kó ka ohun tó wà níbẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìtọrọ àyè. Lẹ́tà náà ní aṣojú kan ń bọ̀ ní Túsìdé.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Olójò gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, tó ti fi ogójì ọdún tún aago ṣe, tó sì ṣì ń tún un ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

"Òjò kì í rọ̀ ní Sátidé," ọkọ rẹ̀ kà á jáde. "Bóyá òun náà ń sinmi. Ṣé ìwọ nìkan ló ń rẹ̀ ni?"

"Bàbá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kọ́ lèyí."

"Ó dáa, jẹ́ ká fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ? Ṣebí inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bá ọ sùn bí ọmọ ọwọ́?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ìyá Olójò. Òun kò tíì rò ó débẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé òjò rẹ̀ jáde rí.

"Elérìn-ín ni," ó ní.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó jí aago tán, ó wá rán wọn wá gba páálí rẹ̀."

"Wọn ò ní rí i gbà."

Nígbà tí Túsìdé fi máa dé, ó ti tún yàrá rẹ̀ tò. Ó fa àga àlejò súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àga tirẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó wọlé jẹ́ ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé kọ̀ǹpútà kékeré sínú báàgì, tí bàtà rẹ̀ mọ́, tó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó. Ìyá Olójò kò jẹ́ kí ìyẹn tan òun jẹ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Káàárọ̀. Ta ló rán ọ wá?"

"Ilé Ìpamọ́ Àpapọ̀ ni mà. Èmi ni mo kọ lẹ́tà."

"Mo ka lẹ́tà. Mo ní ta ló rán ọ. Ṣé ọkùnrin yẹn ṣì ń rẹ́rìn-ín?"

Ọmọbìnrin náà rò ó wò. "Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni òjò yìí? Ó ti fẹ̀yìn tì, mà. Ó kó o fún wa kó tó lọ."

"Tó ni òjò." Ìyá Olójò pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó rí irun nínú omi mímu.

"Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí." Ọmọbìnrin náà fa àga síwájú díẹ̀, ó rí ojú tí wọ́n fi wò ó, ó sì fà á padà. "Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ń fura. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀kán òjò kan kò kán ní Sátidé, kò kán ní Sọ́ńdè. Tó bá wá di Mọ́ńdè, á rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Wọ́n ní òjò kì í wo kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní ńṣe ni ẹni tó wọ̀n ọ́n jókòó sílé, tó ń ro nọ́ńbà jáde látorí."

"Èmi?"

"Wọn ò mọ̀ yín, mà. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ò bá rí àlàyé kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á kọ ọ́ sára òjò ọgbà yìí pé kò ṣeé gbára lé. Bí ẹ bá sì mú ti ọdún mẹ́rìndínlógún yòókù wá lọ́la, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó."

Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí Ìyá Olójò fẹ̀yìn tì. Kò ní oyè, kò ní ìwé ẹ̀rí tó ga. Ohun tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe kò ju ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lọ, àwọn àjèjì kan sì ti ń pè é ní irọ́.

"Ṣí ẹ̀rọ inú báàgì yẹn, kí o yí i sọ́dọ̀ mi," ó ní.

Nọ́ńbà kún ojú kọ̀ǹpútà náà. Sátidé, òdo. Sọ́ńdè, òdo. Mọ́ńdè, mìlímítà mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ó mọ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún yẹn bí ẹni mọ ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni omi gbé géètì ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òdo méjì tó ṣáájú rẹ̀, kò mọ̀ wọ́n rí.

"Ta ló kọ òdo síbẹ̀?"

"Bó ṣe wá nìyẹn, mà."

"Èmi ò kọ òdo sí Sátidé rí láyé mi. Pupa dà?"

"Pupa wo, mà?"

Ìyá Olójò bojú wẹ̀yìn wo kọ́bọ́ọ̀dù. Kó tó lè dáhùn, àfi kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Bóyá ìdí tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ òdo yìí kalẹ̀ nìyẹn, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti wọlé, kò tíì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló sì jẹ́ kí Ìyá Olójò fọwọ́ kan okùn ọrùn rẹ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sórí tábìlì."

Ọmọbìnrin náà gbé e.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó yọ ìwé ọdún kẹsàn-án jáde, ó sì ṣí i sí ọ̀sẹ̀ géètì. Ní iwájú Sátidé, àyè ṣófo. Ní iwájú Sọ́ńdè, àyè ṣófo. Pẹ́ńsùlù pupa kan ló fi ìlà tó tẹ̀ bí ọrun kó àwọn ọjọ́ méjèèjì mọ́ Mọ́ńdè.

"Wọ́n máa ń ti ọgbà yìí pa láti ìrọ̀lẹ́ Fúráídé," Ìyá Olójò ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé, èmi náà. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń bá nínú agolo ní Mọ́ńdè. Mi ò lè pín in, torí mi ò sí níbẹ̀. Mo wá fi pupa dè é pọ̀. Òdo túmọ̀ sí pé mo lọ, mo wò, mi ò rí nǹkan. Àyè tó ṣófo túmọ̀ sí pé mi ò lọ. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

"Rárá, mà." Ọmọbìnrin náà ti gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ń fi imú tọ́ka sí ìlà pupa náà. "Ẹ̀rọ fótókọ́pì ìgbà yẹn kì í gbé irú pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí jáde. Àyè tó ṣófo nìkan ló délé. Ó sì fi òdo dí i."

"Kí ló dé tí ò béèrè?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó sì gbé e mì. Ó wá mú ohun tó bá wá gan-an jáde: ó fẹ́ ya fọ́tò gbogbo ìwé náà láwọ̀, ewé kọ̀ọ̀kan, kó tẹ nọ́ńbà inú wọn, kó sì gbé wọn sí Ilé Ìpamọ́.

"Kí wọ́n lè tún un jí."

"Ẹ gbọ́ òfin ilé wa ná, mà. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n àti ẹni tó wọ̀n ọ́n ló ń ṣíwájú nọ́ńbà. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan kan padà, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó yí i á wà níbẹ̀, ti àtijọ́ ò sì ní parẹ́. Ibi mẹ́ta ni ẹ̀dà rẹ̀ ń gbé."

"Ọkùnrin yẹn náà lẹ́nu dídùn."

"Ẹ má gbà mí gbọ́, mà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Torí àwọn tí kì í tètè gbà gbọ́ la ṣe kọ́ ilé náà."

Ìyá Olójò sọ pé òun á rò ó. Ó rò ó fún ọjọ́ méjì, ó sì fi àṣẹ mẹ́ta ránṣẹ́: ìwé kan ò ní jáde nínú yàrá náà, òun nìkan ló máa ṣí ewé, ohun tí òun bá sọ nípa pupa ni wọ́n máa kọ síwájú, bó ṣe jáde lẹ́nu òun.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé kan jáde, ìwé kan wọlé, kọ́kọ́rọ́ yí. Bí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ lọ mu omi, Ìyá Olójò á ka ìwé kó tó jáde, á tún kà wọ́n nígbà tó bá wọlé.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣì ni, mà," ọmọbìnrin náà ní lọ́jọ́ kẹta. "Àfi bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti bímọ."

"Ẹnu rẹ ti ń gbóná. Mú ẹ̀rọ rẹ, ká máa bá iṣẹ́ lọ."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́tà dé pé ìgbìmọ̀ ti gba àlàyé pupa kí oṣù náà tó parí, àti pé àwọn ìwé náà ti wà ní Ilé Ìpamọ́. Ìyá Olójò mú ọkọ rẹ̀ dání lọ sí ilé ìkàwé ọgbà, torí ó fẹ́ ẹlẹ́rìí. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà ibẹ̀, látòkè délẹ̀, tó fi mọ́ èyí tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa pupa tẹ̀ lé e, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀dà ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Elérìn-ín ṣì wà nísàlẹ̀, ìlà kan sì wà lára rẹ̀: ẹni tó ṣe ẹ̀dà yìí fi òdo dí àyè tó ṣófo, ẹ má ṣe lò ó fún òjò ọjọ́ kan.

"Ó tán," ọkọ rẹ̀ ní. "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Kò tán." Ó ti gbé ìwé ọdún kejìlélógún jáde nínú báàgì, ó sì ń fi ìka tọ ewé lẹ́sẹẹsẹ, ojú rẹ̀ ń lọ láàárín pẹ́ńsùlù àti kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ wá àga, ó jókòó. Ó lé ní wákàtí kan kí ìka náà tó dúró. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún síbi tí òun ti kọ mọ́kànlá.

Ó kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ padà sí ilé ìkàwé, wọ́n ti tún un ṣe. Mẹ́tàdínlógún tó jẹ́ àṣìṣe ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i láàárín. Ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó rí i sì tẹ̀ lé e. Ìyá Olójò wo orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ló yí sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi ṣí ti ọdún kẹtàlélógún."