Jùwọ́n Pa Gbogbo Nǹkan Kó Tó Lọ sí Ìpetu

Bí Jùwọ́n Adéjọbí bá ní òun fẹ́ jáde nílé, kí ẹni tó ń dúró dè é yáa wá àga jókòó. Á pa fáànù. Á yọ ṣájà fóònù lára ògiri. Á yí orí sílíńdà gáàsì, á fi imú wò ó bóyá ó ń jò, á sì tún yí i sí i, àfi bíi pé gáàsì náà ní àrékérekè nínú. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà tán, á tún padà wọlé lọ wo iná bálùwẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó sin àwọn lọ síbì kan ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́jọ ni wọ́n ń dá fún un.

Ẹ má bá a wí. Ìyá rẹ̀, Màmá Cecilia, ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó forí lé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, màmá yìí á to àwọn ọmọ sí ẹnu ọ̀nà, á sì bi oníkálukú ní ohun tó pa. Ẹni tí kò bá tíì pa nǹkan kan á padà wọlé lọ wá ohun tó máa pa. Wọ́n máa ń ki Ìjẹ̀ṣà pé wọn kò rídìí ìṣáná, pé ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Àwọn tó mọ Màmá Cecilia ní bó bá ṣe tirẹ̀ ni, á ti pa iná ọ̀hún kó tó dóko, kó má baà jó ṣòfò.

Iṣẹ́ tí Jùwọ́n wá lọ yàn láàyò, iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí nǹkan kú ni. Ó ń kọ ètò sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Òṣogbo àti Iléṣà, kí àwọn òbí lè máa wo èsì ọmọ wọn lórí fóònù. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò gbé pátákó síwájú ilé. Tábìlì kan, àga kan àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ló ní. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ru ẹrù iṣẹ́ náà, kò fojú kàn wọ́n rí. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wà, nínú ilé tí iná kì í kú, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára tọ̀sán-tòru. Ilé iṣẹ́ kan ló ni wọ́n, tó ń fi wọ́n rẹ́ǹtì fún irú Jùwọ́n káàkiri ayé. Kíláòdù ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹni tó fẹ́ kékeré á gba kékeré, ẹni tó fẹ́ ńlá á gba ńlá. Ibi tí fọ́tò àti fáìlì ń gbé wà lọ́tọ̀, ibi tí orúkọ ọmọ àti máàkì rẹ̀ ń gbé wà lọ́tọ̀, ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sì tún wà nílùú mìíràn, bí ti àkọ́kọ́ bá kàgbákò. Ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Jùwọ́n ti ń darí gbogbo wọn, tòun ti bọ́tìnì títàn àti bọ́tìnì pípa.

Bọ́tìnì pípa! Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí wọ́n lọ gbé síwájú ọmọ Màmá Cecilia. Kọ̀ǹpútà méjì ló ní nínú kíláòdù ọ̀hún. Ọ̀kan ló fi ń dán iṣẹ́ tuntun wò, èkejì ni àwọn òbí ń lò. Bó bá ti ṣíwọ́, á pa èyí tó fi ń dán nǹkan wò, torí pé gbogbo wákàtí tó bá fi wà ní títàn ló ń jẹ owó. Èkejì kò gbọ́dọ̀ kú. Jùwọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìfẹ́ ló kó bá a. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣèyífúnmi Ògúnjìnmí, olùkọ́ ìṣirò, ti gbà á lọ́kàn débi pé lọ́jọ́ tó bá ń lọ bá a, kì í mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́. Ṣèyífúnmi ti gbà láti fẹ́ ẹ. Bàbá rẹ̀ ni kò tíì gbà. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Ògúnjìnmí ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, olórí kíláàsì ni nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ní ọ́fíìsì, tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, ń dẹnu kọ ọmọ òun. Ó ní òun mọ irú wọn. Bí kì í bá ṣe ọmọ Yàhúù tó ń lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì, kó wá sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún òun lójúkojú. Bí kò bá rí i sọ, kí Ṣèyífúnmi má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé òun mọ́.

Sátidé ni wọ́n dá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jùwọ́n kò mọ èyí tí ì bá wọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ ọ, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò. Bó ṣe ń wá fìlà kiri ni ìyá rẹ̀ pè é láti Iléṣà.

"Jùwọ́n, ṣé o ti múra?"

"Mo ti múra, Màámi."

"Ṣé o ti pa gbogbo nǹkan? Má lọ fi nǹkan kan sílẹ̀ kó máa jó nínú ulé o."

Ni Jùwọ́n bá pa fáànù, ó pa gáàsì, ó yọ ṣájà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó pa kọ̀ǹpútà tó fi ń dán iṣẹ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ, ó pa èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ìwé náà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á, torí fìlà tí kò tíì rí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wá wọ mọ́tò tó ń lọ sí Àkúrẹ́, tó máa gba Ìpetu kọjá, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé kò sí ohun tó ń jó nílé.

Ní Ìpetu, bàbá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ kó tó ní kó dìde. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, Ṣèyífúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ ká etí ìborùn rẹ̀.

"Uṣẹ́ kí lo ń ṣe?" ni bàbá bi í.

Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Gírámà tó kọ́kọ́ tú jáde, òun alára kò mọ ìdí rẹ̀. Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Dádì, ẹ rántí ìkórè ìjọ yín," ni Ṣèyífúnmi wí. "Ṣé ẹ ra àga àti kánópì tí ẹ lò ni?"

"A ó ṣe rà á? Kí a wá kó o pamọ́ síbo? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi rẹ́ǹtì la ti gbà á."

"Bí èrò bá wá pọ̀ ju àga lọ ńkọ́?"

"A ó ránṣẹ́ kí wọ́n kó sí i wá."

"Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn, sà," ni Jùwọ́n wí. "Kọ̀ǹpútà ni mo ń rẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, tí gbogbo òbí rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kíláòdù á fúnra rẹ̀ kó òmíràn kún un. Bí èrò bá túká, á kó wọn padà."

Ojú bàbá rọ̀ díẹ̀. Ó béèrè àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń lò ó, Jùwọ́n sì dárúkọ wọn. Bàbá gbọ́ orúkọ ọ̀kan, ó na ọwọ́ sókè.

"Ibẹ̀ ni Tiwátọ́pẹ́, ọmọ tí àkọ́bí mi bí, wà! Bàbá rẹ̀ ní èsì ti jáde, kí n máa wò ó lórí fóònù. Ó yá, mo fẹ́ wò ó báyìí. Bí mo bá ti rí èsì ọmọ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ parí."

Inú Jùwọ́n dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín síta. Bàbá gbé awò ojú wọ̀, ó tẹ fóònù. Nǹkan róbótó kan ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí.

"Kò ṣí," ni bàbá wí.

"Bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni, sà."

Ṣèyífúnmi gbìyànjú lórí tirẹ̀. Kò ṣí. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ìkéde ìpàdé ìjọ wọlé gbàràgàdà sórí fóònù bàbá, kò sì sí bí Jùwọ́n ṣe lè di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì mọ́. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyí," ni ó wí, ó sì ń mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ láti dìde.

Omi ti lé sí ojú Ṣèyífúnmi. Ìgbà náà ni àárọ̀ ọjọ́ ọ̀hún padà wá sí Jùwọ́n lọ́kàn bó ṣe tò ó: fáànù, gáàsì, ṣájà, àti ìbéèrè tó dáhùn láìkà. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ìbá là, á wọlé sínú rẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Èmi ni mo pa á."

"O pa kí ni?"

"Kọ̀ǹpútà tó gbé èsì. Kí n tó jáde nílé. Ìyá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti kékeré, pé ẹni tó bá ń lọ sí ìrìn àjò gbọ́dọ̀ pa gbogbo nǹkan. Fáànù ni mo kọ́kọ́ pa, mo pa gáàsì, mo yọ ṣájà, mo wá pa á dé orí ti àwọn oníbàárà."

Bàbá padà jókòó. Ó wo ọmọkùnrin tó wà nílẹ̀ náà títí.

"Iná bálùwẹ̀ ńkọ́?"

"Mo padà wọlé lọ wò ó, sà."

Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà. Ó ní kí Jùwọ́n dìde kó tan ohun tó pa. Jùwọ́n ṣí ojú ìwé kíláòdù lórí fóònù tirẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì títàn, wọ́n sì dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èsì Tiwátọ́pẹ́ yọ. Bàbá kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó yin ìṣirò, ó kanra sí máàkì Yorùbá.

"Láti orí àga mi yìí lo ti tàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣèyífúnmi, gbọ́ mi. Mo ti rí ilé àwọn ọmọ Yàhúù. Gílóòbù ń jó lọ́sàn-án gangan, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí yàrá tí ẹnì kankan kò sí. Ohun tí ènìyàn kò làágùn fún, kì í rántí pa á. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ó kọjú sí Jùwọ́n. "Sọ fún ùyá rẹ kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ fi èsì Tiwátọ́pẹ́ sílẹ̀ kó máa jó."

Ayọ̀ kún inú Jùwọ́n, kò mọ ohun tó tún lè sọ ju ẹ ṣeun lọ. Bàbá ní òun á sìn wọ́n dé títì. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Jùwọ́n sì ti ń wọ bàtà, ni bàbá bá dúró gbọn-in.

"Ẹ dúró dè mí ná."

Ó padà sí pálọ̀. Wọ́n gbọ́ bó ṣe pa fáànù, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, síhà bálùwẹ̀. Ṣèyífúnmi wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì káwọ́ lérí.

"Ọlọ́run mi," ni ó wí, "ọ̀kan náà ni mo tún lọ mú!"