Ihò Keje Nínú Àpótí Kẹrìnlá

Ihò tó ṣófo náà kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ohun tí Torun Lidmark rí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn firísà.

Inú firísà yìí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sí ní Ilé Ìwádìí Granvik, ní àríwá Sweden. Gudmund Rask, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá ìwádìí náà, ló ní kí Torun kó àwọn àpótí àtijọ́ dànù, nítorí àyè ti há. Àpótí kẹrìnlá ló kọ́kọ́ fà jáde. Ó ṣí i kó tó dà á nù, bí ẹni ń wo ojú òkú kí wọ́n tó bò ó.

Ihò mọ́kànlélọ́gọ́rin ló wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án ní gígùn, mẹ́sàn-án ní ìbú, ìgò ike kékeré kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá Gudmund, wọn kì í kọ nǹkan kan sára ìgò. Gudmund ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ihò tí ìgò bá wà ni orúkọ rẹ̀. Láti ihò kìíní dé ogójì, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn tó ń jẹ iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tán ni. Ihò tó wà láàárín gbùngbùn ni ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò. Gbogbo ìyókù jẹ́ ti àwọn tí ara wọn le. Torun fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n. Ìgò keje fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ihò keje ṣófo.

Ní àárọ̀ yìí, ìgò wà nínú ihò keje. Ihò kàrúndínlọ́gọ́rin ló ṣófo. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀. Èérún ike kan wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì gbagidi sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èérún ìgò tó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ihò kì í rìn. Àpótí ló yí.

Ó rántí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní àjọ̀dún àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo èèyàn ti kó lọ sí ilé etí adágún, iná lọ. Òun nìkan ló dáhùn nígbà tí aago firísà ń ké. Ó kó ogójì àpótí sọ̀kalẹ̀ lọ sínú firísà mìíràn, ó ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ń gan. Lórí àtẹ̀gùn, ìdérí àpótí kan já bọ́. Funfun ni àpótí náà láti igun dé igun. Orí ìdérí nìkan ni àmì pupa wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò. Torun he ìdérí náà, ó sì dé e bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ di ìparí. Bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn di ẹni tó le, tí ẹni tó le sì di aláìsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Isak Brännås, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé, gbé àpótí náà lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń wọn ohun tó kéré ju kí ojú rí lọ. Ẹ̀rọ náà kò purọ́. Ó ní èròjà kan pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ apá kan, ó sì wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ apá kejì. Isak kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ló ti pọ̀. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé ń kà tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ti gbé ọ̀rọ̀ tiwọn lé e lórí. Nísinsìnyí, ilé ìwòsàn kan ní gúúsù ti yan aláìsàn mẹ́rìnlélógún tí wọn yóò fún ní oògùn tó ń dín èròjà náà kù. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọn yóò gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Tó bá jẹ́ pé àpótí ló yí, ara àwọn aláìsàn gan-an ni èròjà náà ti wọ́n, òun kọ́ ló sì ń pa wọ́n. Òun ni òpó tó kù tó gbé ilé ró, òun gan-an ni wọ́n sì fẹ́ fà yọ.

Torun tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tó burú ju ti ìdérí lọ. Ẹnikẹ́ni lè ṣi ìdérí dé. Ṣùgbọ́n Isak béèrè. Ó kọ ímeèlì sí i ní ọjọ́ Ẹtì kan: “Torun, ìgò wà nínú ihò keje o, kàrúndínlọ́gọ́rin ló ṣófo. Ṣé àṣìkọ ni?” Torun ló kàn láti ṣe kéèkì ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti jókòó síwájú kọfí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ èsì: “Á jẹ́ pé mo ṣì í kọ. Bá mi tún un ṣe.” Àtẹ̀gùn méjìlá péré ló wà láàárín tábìlì kọfí àti firísà. Kò sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Ó gé kéèkì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí, kó mọ ilé tó ti jáde. Abúlé tí wọ́n ti ń la pákó ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ayùn gé ìka méjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà fi áńkáṣífì di ọwọ́, ó tì í bọ àpò, ó sì ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán kí ọ̀gá má baà mọ̀, àfìgbà tó dákú lu ilẹ̀. Ní ilé wọn, wọn kì í sọ àṣìṣe. Aṣọ ni wọ́n ń fi dì í. Torun gbé ẹ̀kọ́ yẹn wá sí Granvik ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, ó ń fi ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ fa omi, ó ń dà á sínú ìgò, oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wú bí ẹ̀kùrọ́. Ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kò sí ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí: a dúpẹ́ lọ́wọ́ T. Lidmark.

Ó dé àpótí náà padà, lọ́nà tó tọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì dá a padà sínú firísà. Lọ́jọ́ náà, kò lè fa omi kan tó pé. 

Ọjọ́rú ni Isak wọlé tòun ti ẹ̀rín. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni yóò kan ìwé oyè rẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà, bí gbogbo ẹni tó ń wá oyè ṣe ń ṣe ní ìlú náà, kí ẹni tó bá ní àríwísí lè kà á kí ọjọ́ tí yóò gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó pé. Ìwé tí wọ́n bá ti kàn mọ́ igi, wọn kì í yọ ọ́.

“Isak, jókòó.”

“Tó bá jẹ́ ti kéèkì ọ̀la, mo ti rà á. Ti ṣọ́ọ̀bù ni, má bínú. Ti ìjọ́sí tí o ṣe yẹn, díẹ̀ ló kù kí eyín mi kù síbẹ̀.”

“Kì í ṣe ti kéèkì.”

Ó mú un sọ̀kalẹ̀, ó ṣí àpótí, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì. Kò sọ púpọ̀, nítorí Isak kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà kúrò nínú agbada.

“Ta ló tún mọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló kó jìnnìjìnnì bá Torun. Kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Kò dárúkọ ọjọ́ Ajé.

“Èmi àti ìwọ.”

“Mo bi ọ́ nígbà yẹn, Torun. Mo bi ọ́! Ímeèlì ẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi.”

“Mo mọ̀.”

“Ìwọ lo ní kí n tún un ṣe.”

“Mo mọ̀, Isak. Ìwọ náà mọ̀ pé ìgò kì í fẹsẹ̀ rìn.”

Isak fi ọwọ́ nu ẹnu. “Jẹ́ ká bi Gudmund,” ó wí, bí ọmọ tó fọ́ àwo tó ń wá ẹni tí yóò sọ fún un pé àwo náà ti sán tẹ́lẹ̀.

Gudmund gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbé ife kọfí sílẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

“Èérún ike? Torun, èérún ike wà níbi gbogbo nínú ilé yìí. Ó wà nínú bàtà mi.”

“Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.”

“Ilé ẹ̀jẹ̀ la wà, kí lo fẹ́ kó wà lára ẹ̀, ṣúgà?” Ó rẹ́rìn-ín. Isak bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ. “Gbọ́. Tó bá tiẹ̀ rí bí o ṣe wí, àwọn ẹlòmíì á tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n á rí i. Bí sáyẹ́ǹsì ṣe máa ń tún ara ẹ̀ ṣe nìyẹn.”

“Ọjọ́ Ajé ńkọ́?”

“Àwọn dókítà ló ni ọjọ́ Ajé.” Ó gbé ife sílẹ̀ wàyí. “Ó ku ọdún mélòó kí o fẹ̀yìn tì?”

“Méje.”

“Ọdún méje. Kì í ṣe díẹ̀ fún ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun ló ṣìkọ.” Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ki èèyàn kú àárẹ̀. “Kó ohun inú firísà yẹn dànù kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ó ti kún jù.”

Ẹ̀rù tó ba Torun lẹ́yìn èyí kì í ṣe èyí tó ń mú èèyàn sáré. Èyí tó ń mú èèyàn gbọ́ràn ni. Ó rí ọdún méje, ó rí iyàrá rẹ̀ méjì tó kọjú sí igbó, ó rí ojú àwọn èèyàn nílé ìtajà. Ó sì rí mẹ́rìnlélógún tí kò mọ orúkọ wọn, nítorí ihò ni orúkọ aláìsàn lọ́dọ̀ tiwọn. Ó gbé àpótí kẹrìnlá sínú garawa yìnyín, ó sì gbọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń sun egbin. Ó dé ẹnu ọ̀nà náà. Ó dúró. Ó yà sí ọwọ́ òsì, ó wọ iyàrá àwọn tó ń ṣèwádìí ẹja, ó sì ti àpótí náà sí ìsàlẹ̀ firísà tiwọn, sábẹ́ ẹja tí wọ́n fi ike wé. Òtútù ibẹ̀ àti ti firísà tó ti gbé e wá dọ́gba; kò ṣi ìyẹn ṣe. Ó kọ ọ́ sára rẹ̀: Má fọwọ́ kàn án. Torun Lidmark.

Ìgboyà kọ́ nìyẹn o. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ kò tíì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, èèyàn bí ọgbọ̀n pé síwájú pátákó, yìnyín ń yọ́ lára bàtà wọn. Àṣà yàrá náà ni pé ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ lu ìṣó. Isak na òòlù sí Torun. Kò wo ojú rẹ̀. Torun wá Gudmund láàárín àwọn èèyàn, kò rí i. Ọgbọ̀n ojú ń wò ó.

Ó gbé òòlù. Ó sì lu ìṣó náà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, “Torun, rọra o, pátákó ìjọba ni!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Isak lu èyí tó kù, ìwé náà sì so rọ̀ níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Gudmund gba ẹ̀yìn dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí tọ̀tún tòsì. Nígbà tó fara kan Torun, Torun rí i pé yìnyín wẹ́wẹ́ funfun lẹ̀ mọ́ apá kóòtù rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Yìnyín ìta kì í rí bẹ́ẹ̀. Ti inú firísà ni.

“Àpótí kẹrìnlá dà?” ó wí sí i létí.

“O ní kí n kó o dànù.”

“Mo bi ọ́ pé ó dà. Kò sí nínú ìwé egbin.”

Ìgbà yẹn ló yé Torun. Láti àná ló ti ń bẹ̀rù pé Gudmund kò gba òun gbọ́. Ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kì í fi apá wá àpótí nínú firísà nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kan ìwé. Ó gbà á gbọ́. Láti ìgbà tó ti gbé ife kọfí sílẹ̀ ló ti gbà á gbọ́.

“Mo fẹ́ lọ mú síkáàfù mi,” Torun wí.

Ó wọ yàrá tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pe ilé ìwòsàn tó wà ní gúúsù. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń gbé e láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Níkẹyìn, dókítà obìnrin kan gbé fóònù, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Torun sọ ohun tó rí.

“Ṣé o wà lára àwọn tó kọ ìwé náà?”

“Rárá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀ ni.”

Torun gbọ́ tí dókítà náà fa ìwé kan mọ́ra. “Ta ló yí àpótí náà?”

Torun wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti tì í bọ àpò láìmọ̀. Ó fà á yọ.

“Èmi ni. Nígbà tí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mo ní kí wọ́n tún ìwé ṣe. Mi ò lọ wò ó.”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó sì yẹ kí n ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.”

Dókítà náà kò sọ pé kò burú. “Àpótí náà ńkọ́?”

“Ó wà lábẹ́ ẹja.”

“Kí lo wí?”

“Mo fi í pamọ́. Ẹ rán ẹnì kan wá gbé e lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.”

“Dúró síbẹ̀. Má fi fóònù sílẹ̀. Mo ń lọ pe ẹni tó ni ọjọ́ Ajé.”

Torun dúró. Ó gbọ́ tí bàtà ọkùnrin kan ń bọ̀ ní ọ̀nà, tí ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, tí ọwọ́ sì kan ìdìmú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Kò fi fóònù sílẹ̀.