Ìka Tó Ń Dín Omi Kù ní Aládé

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Ọdún tí ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ilé ìwádìí kékeré kan ní Aládé, ní Ìdànrè, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí n ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ègé púrótéènì tí wọ́n ń pè ní pẹ́ptáìdì, èyí tó wà nínú kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan, ni mo ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A máa da omi kòkó sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan tí ohun funfun bí ògì kún inú rẹ̀. Àwọn ègé ńlá á kọ́kọ́ kán jáde sínú ìgò, àwọn kékeré á tẹ̀lé e. Bí omi bá sáré jù, gbogbo wọn á dàpọ̀.

Bàbá Ṣọlá, àgbà òṣìṣẹ́ wa tí èékánná ìka wọn kan là sí méjì, tí sìgá kì í wọ́n lẹ́nu wọn, ló fọwọ́ ara wọn ki ohun funfun náà sínú ọ̀pá yẹn. Nígbà tí wọ́n wà láyé, a kì í ṣí ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ tí omi ń gbà kán láìkọ́kọ́ kí wọn. Wọ́n kú tán, mo pa ìkíni tì. Ta ni n ó máa kí, gíláàsì?

Lọ́jọ́ yẹn, iná ti lọ láti àná, yìnyín tí mo fi tọ́jú omi kòkó sì ń yọ́. Ìwọ̀nba tó kù mí kù nìyẹn. Bó bá bàjẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá wọgbó.

Mo ṣí ẹ̀rọ, ó ń kán dáadáa. Mo yíjú sí ìwé mi, ó ti lọ́ra. Mo tún un ṣí, ó tún lọ́ra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Inú bí mi, àfi bíi kí n fọ́ ọ.

Mo wá tẹjú mọ́ ọn. Ẹ gbà mí gbọ́, ìka kan tí èékánná rẹ̀ là sí méjì ló ń yí ẹ̀rọ náà padà. Ìka lásán ni o, kò sí apá lẹ́yìn rẹ̀.

“Rọra.” Ohùn Bàbá Ṣọlá ni, létí mi gan-an.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ìbínú ló kọ́kọ́ dé ẹnu. Mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, iṣẹ́ yín ti tán níbí. Ẹ máa lọ.” Ẹnu mi yìí náà!

Ìka kúrò, òórùn sìgá wọn sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo ti ẹ̀rọ, kò tì. Kí n tó pààrọ̀ ìgò mẹ́ta, ńlá àti kékeré ti dàpọ̀, ohun funfun yẹn ti gbẹ, ó sán láti òkè délẹ̀. Àṣé wọ́n ti ń bá mi ṣe iṣẹ́ náà látàárọ̀!

N ò gba ìwé ẹ̀rí náà. Títí dòní, ẹ̀rọ tí mo bá ṣí, sísáré ni omi rẹ̀ ń sáré. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, n ò rí ìka.

Bí òkú bá ń dá sí iṣẹ́ yín, bó ti wù kó sú yín tó, ẹ pa ẹnu mọ́. Alààyè lẹ máa ní kó lọ tí á jókòó. Òkú á lọ.