Agolo Oògùn Ìyá Mi

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ jáde nínú agolo bisikíìtì tí ìyá mi ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Odò-Ọwá. Oògùnkóògùn tó bá ṣẹ́kù nínú ilé wa, ibẹ̀ ló ń lọ, ti ibà, ti ikọ́, ti ara ríro. Ó máa ń tú wọn kúrò nínú páálí kí àyè lè gbà wọ́n. Lójú tirẹ̀, ẹni tó da oògùn nù kò yàtọ̀ sí ẹni tó da oúnjẹ nù, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe dàgbà.

Nígbà tí ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì gba ọmọ mi obìnrin, èmi ni mo mú un lọ fún àyẹ̀wò oògùn olóró tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, torí ọkàn mi kì í balẹ̀ bí ó bá dá lọ síbi kankan. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ike, wọ́n ki àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, bébà kan fún oríṣi oògùn kan. Ìlà méjì yọ lára gbogbo wọn àfi ẹyọ kan, tí ìlà kan péré yọ lára rẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ohun tí kò yọ kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà rọra là á yé mi pé ibi tí ìlà bá ti sọnù gan-an ni oògùn wà. Ó ní ìdílé kodéìnì àti mọfíìnì ni, àwọn oògùn apàrora líle tí àwọn ọmọọ̀ta ń lò nílòkulò, bí kò bá sì sí àlàyé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún ní àyè ọmọ mi.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní òun kò mu nǹkan kan, àfi oògùn ọrùn ríro tí ìyá àgbà fún òun nígbà tí a ru iṣu dé láti oko.

Mo sáré padà sílé. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ni ìyá mi ti mọ̀ ọ́n: oògùn tí ilé ìwòsàn fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí rẹ̀ ni, tó ṣì ń mu. Lọ́jọ́ kejì, òun àti agolo rẹ̀ bá wa lọ. Obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà yẹ inú agolo wò, ó mi orí. Oògùn funfun kún ibẹ̀, kò sì sí èyí tó ní orúkọ lára.

“Ọmọ mi, gba ìtọ̀ tèmi náà,” ni ìyá mi wí. “Mo mu ún láàárọ̀ yìí. Bí ọmọ yìí bá jẹ́ ọmọọ̀ta, èmi ni ọ̀gá rẹ̀.”

“Màmá, ẹ jókòó ná,” ni obìnrin náà dáhùn, ẹ̀rín ń pa á.

Wọ́n gba tirẹ̀ lóòótọ́. Ìlà sọnù lójú ibì kan náà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Wọ́n fi ìtọ̀ ọmọ náà ránṣẹ́ sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, èyí tó lè pe oògùn ní orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Kodéìnì ni, ilé ìwòsàn sì jẹ́rìí pé àwọn ló fún ìyá mi. Ọmọ mi kò pàdánù àyè rẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé ìtọ̀ lè sọ ohun tí èèyàn gbé mì, kò lè sọ ẹni tó fún un àti ìdí tó fi fún un. Àánú ìyá àgbà àti ìwà ọmọọ̀ta, ọ̀kan náà ni lójú bébà yẹn. Agolo náà ṣì wà, ó ṣì ń rùn káfúrà, ṣùgbọ́n òwú àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Bí ọmọ mi bá wá sílé fún ìsinmi, tó ní orí ń fọ́ òun, ìyá mi á na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, á rántí, á fà á padà, á wá fi ọwọ́ náà máa ra orí rẹ̀.