Ìbọn Oníbátìrì Tí Mo Sá Sóòrùn

Ọjọ́ Sátidé tí mo sá ìbọn ìṣeré Kúnlé, àbíkẹ́yìn mi, sóòrùn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bátìrì ni ìbọn náà ń lò. Ọta rẹ̀ kò ju wóró ẹ̀wà lọ, kì í pa èèyàn, ó sì ń yìn wàràwàrà. Àmọ́ bí òtútù bá ti mú bátìrì rẹ̀, kì í yìn dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sí bàkónì, bí a ṣe ń sá ohunkóhun nílé.

Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi dákẹ́. Mi ò gbóhùn àwọn ọmọ tó ń ṣeré nísàlẹ̀ mọ́. Mo yọjú. Ọlọ́pàá ló kún ìsàlẹ̀, wọ́n dojú ìbọn kọ wá.

Kúnlé yọ lẹ́yìn mi. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n yára gbé e wọlé!"

Iná pupa kékeré kan láti ara ìbọn ọlọ́pàá ti dúró sí àyà rẹ̀.

Mo rọra ní, "Má fọwọ́ kàn án o. Gbé ọwọ́ sókè."

Àwa méjèèjì náwọ́ sókè títí wọ́n fi wọlé, tí wọ́n yẹ ìbọn náà wò, tí wọ́n sì rí i pé ìṣeré ni.

Nígbà tí wọ́n lọ, Kúnlé ní, "Ó mà kúkú jọ ojúlówó o, Mọ́mì."

Mo ní, "Àléébù ẹ̀ tó burú jù nìyẹn."