Ta Ló Yọ Bátìrì Géèmù Wa?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Okere, nílùú Warri, géèmù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àgbàlá wa, ọmọ mẹ́sàn-án la sì jọ ń jà lé e lórí. Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ àti ike lọ́jà, ló rà á fún wa nígbà ìtúnu àwẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́ọ̀tù, èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú ẹ̀: ike funfun pẹlẹbẹ, bọ́tìnnì rẹ̀ pupa, bíríkì á máa já bọ́ láti òkè, ẹ ó sì máa tò ó kó má bàa kún. Tó bá ti kún dé òkè, o ti kú nìyẹn.

Òfin tí ìyá mi ṣe lórí ẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹni tó bá kú, kó gbé e sílẹ̀." Kò sí pé òógùn ló yọ̀ mí lọ́wọ́, kò sí pé ẹ jẹ́ n tún un ṣe. A ó jókòó tò sórí àga gbọọrọ lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹni tó bá kú á nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé e, òun náà á sì lọ jókòó sí ìpẹ̀kun. Ìyá Urhobo tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa máa ń fún wa ní sitáàṣì, òkèlè wọn tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ ẹyìn, àwa ọmọ ọ̀bùn kì í sì í fọwọ́ dáadáa, nítorí náà bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún máa ń lẹ̀ pọ̀. Ahọ́n la fi ń lá a. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Mùfú, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, ni ọba ibẹ̀. Òun ló ń tọ́jú géèmù náà lábẹ́ ìrọ̀rí. "Champion" ni wọ́n ń pè é, débi pé tí ìyá mi bá pe Mùfú kò ní dáhùn. Ó máa ń kú bíi tiwa, àmọ́ kì í gbà. Á ní èèrà ló ta òun, tàbí ẹnì kan ló wúkọ́. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin ní tèmi, bó bá ti ń kàn mí báyìí ni wọ́n á ní kí n lọ wo ẹ̀wà lórí iná, tàbí kí n lọ pọn omi. Kí n tó dé, wọ́n ti gba orí mi kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò sẹ́ni tó lè lọ sí ilé kéwú, géèmù kàn mí, ẹnikẹ́ni ò sì rán mi níṣẹ́. N ò mọ ohun tó gùn mí lọ́jọ́ náà. Bí bíríkì ṣe ń já bọ́ ni mò ń tò wọ́n. Ó yá sí i, mo yá sí i. Àwọn ọmọ dìde lórí àga, orí méje yí mi ká, èémí gbígbóná ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Sìdí! Sìdí! No die o!" Mo kọjá ibi tí Bùrọ̀dá Mùfú dé rí. Gbogbo wọn ló rí i. Àfi bí ọwọ́ kan ṣe yọ láti ẹ̀yìn mi, ó já géèmù gbà, ó ṣí ìdí ẹ̀, ó yọ bátìrì méjèèjì. Bùrọ̀dá Mùfú ni. Ó ní, "Bàbá ní kí n mú bátìrì wá fún rédíò." Ẹ sì mọ̀ pé tí bátìrì bá ti kúrò nínú géèmù yẹn, gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀ ti wọmi nìyẹn.

Mo bù ú jẹ. N ò ní parọ́, mo bù ú jẹ dáadáa, lápá. Èmi ni wọ́n sì fìyà jẹ: orí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ sókè, títí òjò fi dá. Ìyá mi ní ẹni tó ti jẹ ẹran ara ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kò tún ní jẹ ẹran ọbẹ̀, bó sì ṣe rí nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo bi bàbá mi bóyá òun ló ní kí wọ́n mú bátìrì wá. Bàbá, tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀ létí ẹ̀, ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn. Mo yíjú sí àwọn ẹlẹ́rìí mi. Ẹ gbà mí o! Ọmọ méje tó ń pariwo orúkọ mi, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ẹni tó bá jẹ́rìí fún mi, Bùrọ̀dá Mùfú kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan géèmù mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń sọ pé mo fẹ́ẹ̀ kú kí òun tó dé, pé ìtìjú lòun gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní báyìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Deco Road, ní Warri kan náà. Mò ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù, mo sì ń ta àwọn géèmù kékeré àfọwọ́mú tí wọ́n kó gbogbo géèmù ayé àtijọ́ sínú ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géèmù ni wọ́n kọ sára páálí, bí ẹni pé ẹnì kan máa gbá gbogbo ẹ̀ tán kó tó kú. Ẹ má rò pé ọmọdé ló ń rà á. Àwọn bàbá olórí pípá ni. Wọ́n á ní ọmọ àwọn làwọn fẹ́ rà á fún, ìka wọn á sì ti máa tẹ bọ́tìnnì.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni Bùrọ̀dá Mùfú, tó ti di Alhaji báyìí, tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní Pọ́ọ̀tù, tí ikùn ẹ̀ ń ṣáájú ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Géèmù méjì ló fẹ́ yan ọ̀kan nínú ẹ̀, olówó pọ́ọ́kú sì ni méjèèjì. Ọ̀kan dúró lóòró, ó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Èkejì fẹ̀, ó wúwo díẹ̀, ojú ẹ̀ tóbi. Sátidé mẹ́ta gbáko ló fi wá. Èwo ni bátìrì ẹ̀ ń pẹ́? Èwo ló yá? Ó ti wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń tú inú ẹ̀ wò. Ó tì í bọ àpò, ó yọ ọ́, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ra iṣu. Ọkùnrin tó fi ọ̀sán kan ra ọkọ̀, tó ra ilẹ̀ láì wo ìwé, tí wọ́n sì ta ilẹ̀ náà fún èèyàn mẹ́ta! Mo mọ èyí tó yẹ ẹ́ láti Sátidé àkọ́kọ́. N ò sọ. Kí ló kàn mí?

Ní Sátidé kẹta, ó mú ọmọ ẹ̀ Sáínábù wá, ọmọbìnrin ọdún méjìlá. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Daddy, buy one abeg. Na you wan play am."

Mo ní, "Bùrọ̀dá, kí n tó sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà, ta ló yọ bátìrì?"

"Bátìrì wo?"

"Bátìrì géèmù wa, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sìdí, ó ṣì wà nínú ẹ? Bàbá ló ní kí n mú un wá."

Bàbá ti jẹ́pè Ọlọ́run, Bùrọ̀dá sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí mo lè bi. Mo ti rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, àmọ́ ó dùn mí wọra. Bùrọ̀dá Mùfú gbé èyí tó kéré, ó ṣí géèmù bíríkì, ó nà án jìnnà sójú. Kò pẹ́, ó kú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ti na géèmù náà sí mi. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e sílẹ̀. Àwa méjèèjì jọ ń wo ọwọ́ náà.

Ó ní, "Èmi ni. Bàbá ò rán mi. Orúkọ ẹ ni wọ́n ń pariwo, n ò lè gbà á mọ́ra."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiwa ju ogún lọ dáadáa. Mo ní kó ra èyí tó fẹ̀, nítorí ojú Bùrọ̀dá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì rárá. Ó sanwó, kò ná an.

Sáínábù fara ti kántà. "Aunty, how much you score that day?"

Ìyá mi ò bi mí rí. Bàbá ò bi mí. Ọkọ mi tí mo sọ ọ́ fún títí tó fi sú u, kò bi mí. Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì ó lé ọgọ́rùn-ún méje." Ọmọ náà la ẹnu. "Ah! Aunty, you try o!"

Géèmù òde òní ń tọ́jú máàkì fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ nǹkan kan nídìí ẹ̀, kò sì sí àga gbọọrọ tẹ́nikẹ́ni ti ń dúró kó kàn án. Bùrọ̀dá Mùfú ń dá gbá tiẹ̀ ní pálọ̀, ibi tó bá kú sí ló ti ń tẹ̀ síwájú. Nígbà yẹn, ọmọ méje fojú ara wọn rí i, kò sẹ́ni tó jẹ́rìí mi. Lónìí, ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.